Ilẹ̀ Ẹbí King: Bí Oko Màlúù Kan ní Texas Ti Di Ibi Ìgbafẹ́ Àwọn Ọdẹ

Kò sí ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ yóò gbé iṣu tàbí àgbàdo wá fún un ní ọdọọdún. Ọdẹ tí ó bá sì pa ẹran ńlá nínú igbó ẹlòmíràn kò ní gbàgbé itan tí ó jẹ́ ti onílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ sọ fún baba ọdẹ kan ní abúlé pé àwọn ènìyàn kan wà lókè òkun tí wọn kò tíì rí ẹran sójú, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n pa á, tí wọ́n sì ti san owó gọbọi fún onílẹ̀ kí ó lè ṣí ọgbà rẹ̀ fún wọn, a kò rò pé yóò gbà wá gbọ́. Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní Texas, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Oko tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní King Ranch. Ó tó nǹkan bí 825,000 éékà. Kí àwọn tí kò mọ bí éékà ti tóbi tó lè fi ojú inú wò ó, ẹ jẹ́ kí a wí pé díẹ̀ ni ó fi kéré sí gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, àti ilẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀sà rẹ̀. Ẹbí kan ṣoṣo ni ó ni ín láti ọdún 1853, kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn àrólé náà títí di òní. Màlúù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń sin màlúù níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín, àparò, tòlótòló igbó àti àwọn ẹran mìíràn tí a óò dárúkọ ni ó ń mú kí àwọn olówó láti Houston àti Dallas máa wá síbẹ̀ ní ìgbà òtútù pẹ̀lú ajá àti ìbọn wọn. Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbọn wọn. Bí ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe la ikú, gbèsè àti ogún pípín já ni ó yà wá lẹ́nu.

Ọmọ tálákà ni Richard King tí ó dá oko náà sílẹ̀. Ní ìlú New York ni a bí i ní ọdún 1824, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Ireland tí ó wá ṣe àtìpó. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fi í sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan láti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ó sá, ó sì fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ń lọ sí Mobile ní Alabama. Àwọn atukọ̀ rí i, ṣùgbọ́n wọn kò dá a padà; inú ọkọ̀ ni ó dàgbà sí, ó sì di ọ̀gá nínú títu ọkọ̀ eléèéfín lórí odò. Ní ọdún 1847, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ń jà, ó dé odò Rio Grande. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mifflin Kenedy, ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lórí odò náà, wọ́n sì rí ère púpọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1852, ó gun ẹṣin la pápá gbígbẹ kọjá, ó ń lọ sí ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní Corpus Christi. Oòrùn mú púpọ̀. Ní ojú ọ̀nà ó kan odò kékeré kan tí à ń pè ní Santa Gertrudis, omi rẹ̀ tutù, ó sì dùn, igi sì ṣíji bò ó. Ọkùnrin náà kò gbàgbé ibẹ̀ mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ra 15,500 éékà ilẹ̀ ní àyíká odò náà lọ́wọ́ àwọn àrólé ará Mẹ́síkò kan, ó sì san 300 dọ́là. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé éékà kan kò tó sẹ́ǹtì méjì.

A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣófo kí King tó dé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́ ti ń ṣọdẹ lórí rẹ̀ kí òyìnbó kankan tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba Sípéènì àti ti Mẹ́síkò fi ìwé ilẹ̀ fún àwọn ìdílé kan. Nígbà tí ogun náà parí ní ọdún 1848, tí ilẹ̀ wọn sì bọ́ sábẹ́ Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé wọ̀nyí bá ara wọn lábẹ́ òfin àti èdè tí kò yé wọn, àwọn agbésùnmọ̀mí sì ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú pápá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tà, iye tí wọ́n sì tà á kò dùn ún gbọ́. Títí di òní, àwọn kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ní gúúsù Texas ṣì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìkorò ọkàn.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó jọ wá lójú ju gbogbo ríra ilẹ̀ náà lọ. Ọ̀dá ńlá dá ní ìhà àríwá Mẹ́síkò ní nǹkan bí ọdún 1854. King lọ sí abúlé kan tí à ń pè ní Cruillas láti ra màlúù, àwọn ará abúlé náà sì ta gbogbo ẹran wọn fún un, nítorí pé kò sí koríko mọ́ tí wọn yóò fi bọ́ wọn. Bí ó ti ń da màlúù náà lọ, ó rò ó pé òun ti kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ń jẹun kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó padà, ó sì wí fún wọn pé bí wọ́n bá lè bá òun lọ, òun yóò fún wọn ní ilé, oúnjẹ àti owó iṣẹ́. Wọ́n dìde, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì tẹ̀lé e. Àwọn ni ó mọ bí a ti í da ẹran lórí ẹṣin; King tí ó jẹ́ atukọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wọn ni à ń pè ní Kineños, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn ènìyàn King, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí. Bí a bá bi wá léèrè ohun tí ó mú oko náà dúró, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó dárúkọ owó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1854, King gbé Henrietta Chamberlain níyàwó. Ọmọ míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian ni obìnrin yìí, olùkọ́ni sì ni pẹ̀lú. Wọ́n a máa sọ ọ́ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí King rí i, inú ọkọ̀ ojú omi kan ni ìdílé oníwàásù náà ń gbé ní etí odò, ọkọ̀ náà sì gba ibi tí King fẹ́ gúnlẹ̀ sí. King bẹ̀rẹ̀ sí búra, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn atukọ̀. Ọmọbìnrin náà jáde sí i, ó sì bá a wí gidigidi. Ó mọ bí a ti í fi ahọ́n tún ọkùnrin ṣe, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí.

Nígbà tí King kú ní ọdún 1885, gbogbo ohun ìní rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún aya rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí yóò mọ bí ohun bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó ní ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ó fi sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 500,000 dọ́là. Kí ó tó kú, ó ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ Santa Gertrudis bọ́ lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Opó náà wọ aṣọ dúdú, kò sì bọ́ ọ fún ogójì ọdún. Ó fi lọ́yà kan, Robert Kleberg, ṣe alábòójútó oko náà, ní ọdún 1886 ọkùnrin náà sì fẹ́ Alice, àbígbẹ̀yìn ọmọbìnrin rẹ̀. Àna àti ìyá ìyàwó jọ san gbèsè náà tán, wọ́n sì tún ń ra ilẹ̀ kún ilẹ̀.

Ọ̀dá tún dá ní ẹ̀wádún tí ó kẹ́yìn sẹ́ńtúrì náà, màlúù sì kú bí eṣinṣin. Ní ọdún 1899 ni Kleberg mú ẹ̀rọ wá tí ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an, omi sì tú jáde fúnra rẹ̀ láìsí pé a fà á. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà ní pápá náà. Rélùwéè dé ní ọdún 1904, ìlú tuntun kan sì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ opó náà, Kingsville ni orúkọ rẹ̀. Ìyá yìí fi ilẹ̀ ta àwọn ìjọ lọ́rẹ, kì í ṣe ti ìjọ tirẹ̀ nìkan. Ó sì fi í sínú ìwé ilẹ̀ ìlú náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọtí níbẹ̀. A rò pé díẹ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ wa yóò fẹ́ ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí ọ̀rọ̀ ẹran igbó. Ní ìgbà tí sẹ́ńtúrì ogún bẹ̀rẹ̀, àwọn ọdẹ tí ń pa ẹran tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àgbọ̀nrín àti tòlótòló igbó run ní ibi púpọ̀ ní Texas. Ọmọ arákùnrin Robert Kleberg kan wà tí à ń pè ní Caesar, tí ó ti wá ṣiṣẹ́ ní oko náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Pápá ni ó fẹ́ níyàwó. Ó rí i pé bí a bá ń pa ẹran bí a ti ń pa á lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ kékeré kì yóò mọ àgbọ̀nrín bí kò ṣe nínú àwòrán. Ó fi òfin lélẹ̀ nínú oko náà, fún ẹbí àti fún àlejò bákan náà, lórí ìgbà tí a lè ṣọdẹ àti iye tí a lè pa, kí ìjọba tó ní agbára láti ṣe irú rẹ̀ dáradára ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1945 oko náà gba ọ̀mọ̀wé kan síṣẹ́ kí ó máa ṣe ìtọ́jú ẹran igbó nìkan, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà lórí ilẹ̀ aládàáni. Caesar kú ní ọdún 1946. Ohun ìní rẹ̀ ni a fi dá owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú ẹran igbó, orúkọ rẹ̀ sì ni a fi sọ ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní yunifásítì Kingsville ní ọdún 1981.

Òun kan náà ni ó mú nilgai wọ oko náà ní nǹkan bí ọdún 1930. Ẹran ilẹ̀ Íńdíà ni nilgai, ó tóbi tó akọ màlúù kékeré, akọ rẹ̀ dúdú bí ẹni tí a fi aró pa lára. Ilẹ̀ gbígbóná náà bá a lára mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bí sí i, tí ó ré sí i, tí ó sì ti fo ọgbà jáde dé oko àwọn ẹlòmíràn; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó wà ní gúúsù Texas nísinsìnyí. Ẹran rẹ̀ dùn, kò sì sí ìgbà tí òfin ka pípa rẹ̀ léèwọ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹran ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbé eégbọn kiri, irú eégbọn tí ń kó ibà ran màlúù, àwọn olùsìn màlúù ní ẹ̀bá ààlà Mẹ́síkò sì ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí èyí. Ẹni tí ó mú àlejò wálé kì í sábàá mọ ohun tí àlejò náà gbé sínú àpò rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé òfin wọn díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo òwò yìí dúró lé. Ní Amẹ́ríkà, àgbọ̀nrín tí ó wà nínú igbó kì í ṣe ti onílẹ̀, ti gbogbo ará ìlú ni. Ìjọba ni ó ń sọ ìgbà tí a lè pa á, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáwọlé jẹ́ ti onílẹ̀. Ní Texas, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ aládàáni, nítorí náà ẹran jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹran sì jẹ́ ti ẹnì kan. Owó tí àwọn ọdẹ ń san kì í ṣe owó ẹran, owó ẹnu ọ̀nà ọgbà ni.

Kò sì ṣeé ṣe kí ọgbà tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ má dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1936, àgbẹ̀ kan àti ọmọ rẹ̀ tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọgbà King Ranch jáde lọ pa pẹ́pẹ́yẹ igbó fún oúnjẹ alẹ́. Àwọn ará ilé gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn méjèèjì kò padà wálé. Àwọn aládùúgbò bínú, wọ́n dìhámọ́ra, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wá kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá inú pápá títí, a kò rí òkú wọn títí di òní, kò sì sí ẹni tí a dá lẹ́bi. Àwọn ará ìhà ibẹ̀ gbàgbọ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni ó pa wọ́n. Kò sí ẹ̀rí tí ó fi í hàn ní kóòtù. Ọdẹ olówó ni a ṣí ọgbà fún, tálákà aládùúgbò sì dúró lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún. A kò lè yin oko náà kí a sì fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn òǹkàwé wa.

Ìyá Henrietta ti kú ní ọdún 1925, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ náà ti ju mílíọ̀nù kan éékà lọ. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, nǹkan bí igba Kineños wá lórí ẹṣin nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ti sọ pósí náà kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì ń gun ẹṣin yí isà náà ká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo wọn fi tán.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣòro tí gbogbo ẹbí onílẹ̀ mọ̀ dé. Ìyá náà ti fi í sínú ìwé ìhágún pé kí àwọn alágbàtọ́ di ilẹ̀ náà mú fún ọdún mẹ́wàá kí a tó pín in. Àárín ọdún mẹ́wàá yìí ni owó wọ́n ní gbogbo ayé, màlúù kò níye lórí, owó orí ogún sì wà nílẹ̀ láti san. Àwọn àrólé kan fẹ́ ìpín tiwọn kí wọ́n lè lọ. Ẹni tí ó ti jókòó ní kóòtù rí níbi tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń jà sí ilẹ̀ baba wọn kò ní retí pé ohun rere yóò ti inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Alice àti àwọn ọmọ rẹ̀, pàápàá èyí tí à ń pè ní Bob, pinnu pé apá tiwọn kò ní fọ́. Wọ́n ra ìpín lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tà. Ní ọdún 1933 wọ́n fún kọ́ńpìnì epo rọ̀bì kan ní àyè láti wá epo lábẹ́ ilẹ̀ náà, owó tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ni wọ́n sì fi bọ́ nínú gbèsè. Lẹ́yìn náà, láàrin ọdún 1934 sí 1935, wọ́n sọ oko náà di kọ́ńpìnì, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ọmọ ẹbí kan tí ó lè tọ́ka sí igi kan kí ó wí pé tèmi nìyí. Ìwé ìpín ni olúkúlùkù ní lọ́wọ́. Lójú tiwa, èyí ni ọgbọ́n tí ó ju gbogbo ọgbọ́n wọn lọ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ jáde lè ta ìpín rẹ̀ fún àwọn arákùnrin rẹ̀, ilẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan jáde.

Kò túmọ̀ sí pé kóòtù kò mọ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀gágun kan tí à ń pè ní Chapman ti ní ìpín nínú ilẹ̀ 15,500 éékà tí a kọ́kọ́ rà. Ó kú ní ọdún 1859, opó rẹ̀ pe King lẹ́jọ́ ní ọdún 1879, a sì parí ẹjọ́ náà ní ọdún 1883, tí ilẹ̀ di ti King fún owó tí kò tó 6,000 dọ́là. Opó náà ti kú kí ẹjọ́ tó parí. Ní ọdún 1995, àwọn àrólé Chapman tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Wọ́n ní lọ́yà tí ó ń gbẹjọ́ ìdílé wọn rò ní ìgbà náà ni Robert Kleberg, ẹni tí ó di àna King, àti pé King ti ń fi owó fún un ní ìkọ̀kọ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Texas. Ní ọdún 2003 àwọn adájọ́ dá King Ranch láre, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti yí ìdájọ́ ọgọ́fà ọdún padà. Ẹ rí i pé ẹjọ́ ilẹ̀ kì í kú.

Báwo wá ni ọdẹ náà ti rí lónìí? Ọ̀nà méjì ni a fi ń wọ ibẹ̀. Àwọn kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ olówó, a háyà ìwọ̀n ilẹ̀ kan láti ọdún dé ọdún, a sì ka owó rẹ̀ lórí éékà. Àwọn mìíràn a wá fún ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú afinimọ̀nà tí oko yàn fún wọn, láti pa nilgai, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tàbí tòlótòló. Ní gúúsù Texas, kí àkókò ọdẹ tó dé, a máa fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré ka àgbọ̀nrín láti òkè, iye tí a bá kà ni a ó fi mọ iye tí a lè pa. Bí òjò kò bá rọ̀ ní ọdún kan, iye náà yóò wálẹ̀.

Àparò ni ó ṣòro jù. Ẹyẹ yìí kì í fò jìnnà, ó fẹ́ ibi tí koríko dúró ní ṣùù-ṣùù, tí ilẹ̀ sì ṣófo láàrin wọn kí ọmọ rẹ̀ lè rìn. Bí màlúù bá jẹ koríko jù, kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí màlúù kò bá sì jẹ ẹ́ tó, koríko yóò dí mọ́ ọn lójú. Nítorí náà darandaran ni ó ń ṣe ilé fún àparò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù nìkan ni ó rò pé òun ń dà. Ní ọdún tí òjò rọ̀, àparò a pọ̀ bí yanrìn. Ní ọdún ọ̀dá, ajá yóò wá inú pápá láti òwúrọ̀ títí dé ọ̀sán kí ó tó rí agbo mélòó kan. Richard Kleberg fẹ́ràn ọdẹ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe mọ́tò Buick kan fún un ní ọdún 1949, tí kò ní òrùlé, tí àyè ìbọn wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ní El Kineño. Mọ́tò náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kingsville fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Àwọn kan wà tí kò gbé ìbọn wá rárá. Awò ọ̀nà jíjìn ni wọ́n gbé kọ́rùn, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, wọ́n sì san owó kí a fi mọ́tò gbé wọn kiri láti wo ẹyẹ. Oko náà wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn ẹyẹ fi ń ṣí láti àríwá lọ sí gúúsù. Òwìwí kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó àdàbà, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ìdọ̀tí irin, a kò sì lè rí i ní Amẹ́ríkà bí kò ṣe ní ibi díẹ̀ létí ààlà. Àwọn ènìyàn ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ẹyẹ kan yìí. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ní ilẹ̀ wa òwìwí kì í ṣe ẹyẹ tí a ń sanwó láti rí.

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ni ó rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ní orí òkè Texas, nítòsí Kerrville, oko kan wà tí à ń pè ní YO. Charles Schreiner, ará Alsace tí ó dé Texas ní ọdún 1852, ni ó rà á ní ọdún 1880. Nígbà tí ó gbòòrò jù, ilẹ̀ rẹ̀ ju 550,000 éékà lọ. Ó pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ náà pín tiwọn fún ọmọ. Nígbà tí ọ̀dá líle mú Texas láti ọdún 1950 sí 1957, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Charles Schreiner kẹta, rí i pé màlúù àti àgùntàn kò lè gba apá tí ó kù là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ó sì kó àwọn ẹran Áfíríkà àti ti Éṣíà wá sínú oko náà kí àwọn ọdẹ lè ní ohun tí wọn yóò máa pa yípo ọdún. Àwọn onílẹ̀ mìíràn rẹ́rìn-ín sí i ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀lé e, títí tí owó ọdẹ fi ju owó màlúù lọ ní ọ̀pọ̀ oko ní Texas.

Lára àwọn ẹran tí ó pọ̀ sí i nínú irú oko bẹ́ẹ̀ ni oryx kan tí ó funfun, tí ìwo rẹ̀ gùn, tí ó sì tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé. Ẹran etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni, ó sì ti ń rìn kiri nígbà kan láti ìhà òkun Atlantic títí dé odò Nile. Ìbọn, ogun àti ọ̀dá pa á tán pátápátá níbẹ̀; ní ọdún 2000 àwọn ọ̀mọ̀wé kéde pé kò sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó. Ní àkókò yìí kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń jẹko ní Texas, níbi tí àwọn ọdẹ ń san owó láti pa díẹ̀ nínú wọn. Àwọn kan ní ohun ìtìjú ni èyí. Àwọn onílẹ̀ ní bí kò bá sí owó ọdẹ, kò sí ẹni tí yóò bọ́ ẹran náà. A kò lè sọ pé apá kan kò ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2016 ni a bẹ̀rẹ̀ sí dá oryx padà sínú pápá ní orílẹ̀-èdè Chad, láti inú agbo tí a kó jọ sí Abu Dhabi láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì ti bímọ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yọ orúkọ wọn kúrò nínú àwọn tí ó ti run nínú igbó ní ọdún 2023.

Charles kẹta kú ní ọdún 2001. Ilẹ̀ YO tún di ohun tí a ń pín, apá kan lẹ́yìn òmíràn sì ń lọ. Ní ọdún 2015, èyí tí ó kù lára ibùdó àtijọ́ náà, nǹkan bí 5,400 éékà pẹ̀lú ilé àti ẹran tí ó wà lórí rẹ̀, di ti ẹbí mìíràn láti Houston. Àwọn náà ṣì ń gba ọdẹ.